Ọjọ́ Tí Fráńkì Gé Ìrù Mọ́tò

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo ṣì lè bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò kí n sì dìde láìpe ẹnikẹ́ni... Ṣé fóònù yẹn ti ń gba ohùn? Gbé e súnmọ́ mi. Ẹ̀n-ẹ́n. Ó dáa báyìí.

Rìsíkátù lorúkọ mi. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi ń pè mí ní Grandma, mi ò bá yín jà. Àbíbà ló ní kí n sọ̀rọ̀ yìí. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán nǹkan tí wọ́n fẹ́ ṣe, ní yunifásítì tó wà ní Oshawa, ní Canada níbí, tíṣà ẹ̀ sì ní kí kálukú lọ bi àgbàlagbà kan léèrè iṣẹ́ tó ṣe rí. Wàsíù ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò ní iṣẹ́ kankan níbí. Ó kàn jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà mi.

Àmọ́ Wàsíù ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Lánàá ló gbé mọ́tò tuntun, èyí tí wọ́n ń fi iná mànàmáná wà, dé sí ìsàlẹ̀ kọ́ńdò, ilé alájà tí mò ń gbé yìí. Ó ní kí n wá wò ó. Mo wọ kóòtù, mo wọ bọ́ọ̀tù, mo wọ elevator sọ̀kalẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo ní, "Wàsíù, èwo ni tìẹ níbẹ̀?" Gbogbo wọn jọra. Gbogbo wọn rí bí ọṣẹ tí odindi ìdílé ti fi wẹ̀ títí tó fi kù díẹ̀. Inú bí i. Ó ní, "Grandma, it's aerodynamic," pé wọ́n ṣe é kí atẹ́gùn má baà dí i lọ́wọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọṣẹ.

Ẹ gbọ́. Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí mò ń fi ọ̀pá rìn, mo bá wọn ya mọ́tò rí. Ní Detroit. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wàsíù, gbé ẹ̀pà yẹn sílẹ̀ kí o gbọ́ ọ̀rọ̀.

Bàbá mi ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn. Mo lọ sílé ìwé, mo mọ àwòrán yà, Alhaji, bàbá bàbá yín, fẹ́ mi, kí Ọlọ́run foríjì wọ́n. Wọ́n gba sikọ́láṣípù lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, èmi náà sì tẹ̀lé wọn. Àárọ̀ tó bá mọ́, wọ́n á lọ sílé ìwé, wọ́n á fi èmi àti òtútù sílé. Kí ni mo fẹ́ máa wò? Mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwòrán kan. Obìnrin tó ń kọ́ wa rí àwọn ìlà aṣọ tí mo yà, ó ní òun mọ ibì kan tí wọ́n ti ń wá ẹni tó mọ àwọ̀ àti aṣọ. Mo rò pé ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ ni. Mo débẹ̀, mọ́tò ni mo bá.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ní lọ́yà púpọ̀, èmi ò ní ju ẹ̀pà yìí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí orí kọ̀ǹpútà lẹ̀yin ti ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ń fi ṣe é nígbà yẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ yà á sórí bébà dúdú pẹ̀lú ẹfun aláwọ̀, mọ́tò á máa dán nínú òkùnkùn bí ojú ológbò. Èyí tó bá wu ọ̀gá, wọ́n á fi téèpù dúdú tò ó sára ògiri, ní ìwọ̀n mọ́tò gidi. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á wá mọ ọ́n. Amọ̀ ni o. Amọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń fi iná mú gbóná kó lè rọ̀. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, wọ́n á máa fi irin ha á, wọ́n á ha á, wọ́n á ha á, títí á fi jọ̀lọ̀ bí awọ ọmọ tuntun. Ibi tó bá yẹ kó jẹ́ irin dídán, wọ́n á fi bébà fàdákà bò ó, bí èyí tó máa ń wà nínú páálí sìgá. Tí o bá dúró lókèèrè, o ó búra pé mọ́tò ni. O ó fẹ́ wọlé kí o ṣáná sí i. Amọ̀ lásán.

Àwọn tó ń ṣe é wá ńkọ́? Orí wọn ò pé. Mo fẹ́ràn wọn, àmọ́ orí wọn ò pé. Ìgbà yẹn ni ìgbà ìrù. Àwọn mọ́tò ayé ìgbà náà ní lẹbẹ lẹ́yìn bíi ti ẹja, lọ́tùn-ún lósì, èmi ń pè é ní ìrù. Yàrá ìyàwòrán méjì ló wà, tiwa àti ti òdìkejì. Tí tọ̀hún bá gbé ìrù tiwọn ga díẹ̀, tiwa á gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàlagbà ọkùnrin, tó gbéyàwó, tó bímọ, tó so táì mọ́rùn, á lọ máa yọjú lójú fèrèsé láti wo bí ìrù ẹlòmíràn ṣe ga tó. Mo rí ẹni tó sunkún rí nítorí ìrù. Mo fún un ní áńkáṣíìfù.

Fráńkì ló wà nídìí ìrù ní yàrá tiwa. Ọkùnrin tín-ínrín, pẹ́ńsù létí ọ̀tún, pẹ́ńsù létí òsì. Ó ti ṣiṣẹ́ níbi ọkọ̀ òfurufú àwọn ológun rí, ìfẹ́ ìrù ọkọ̀ òfurufú kò kúrò lọ́kàn ẹ̀ mọ́. Ó lè fa ìlà kan láti iná iwájú dé ìdí láìmí, ìlà yẹn nìkan á sì mú kí irin máa sáré níbi tó dúró sí. Mi ò rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Mo bi í lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Fráńkì, ṣé mọ́tò yìí máa fò ni?"

Ó ní rárá.

Mo ní, "Kí ló wá fẹ́ fi ìrù ọkọ̀ òfurufú ṣe?"

Ó rò ó. Ó ní, "Rísì, ẹni tó bá ń wà á ló máa rò pé òun ń fò."

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ sí ìyẹn? Òótọ́ ló sọ.

Ọ̀gá wa ńkọ́... ẹ jẹ́ kí n tún ìjókòó mi ṣe. Ọ̀gá wa ga, ó síngbọnlẹ̀, súítì ẹ̀ ń dán, bàtà ẹ̀ ń dán, orí ẹ̀ gan-an ń dán. Kì í fọwọ́ ara ẹ̀ ya nǹkan kan. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó dé, kó dúró, kó fi àtẹ́lẹwọ́ ra amọ̀, kó ní, "Ẹ fà á gùn sí i." Yóò lọ. Lọ́jọ́ kejì á tún dé. "Ẹ fà á gùn sí i." Bí wọ́n bá tẹ̀ lé tiẹ̀, orí mọ́tò á wà ní Detroit, ìdí ẹ̀ á wà ní Burlington, ní Canada níbí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Ìsẹ́yìn. Ó bi mí bóyá èèyàn pàtàkì ni bàbá mi. Mo ní àwọn èèyàn wà lábẹ́ wọn. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ híhun ni mo ní lọ́kàn. Ó parí. Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá ti dé, á na ọwọ́ sí mi: "Ẹ wo ọmọ ọba wa láti Áfíríkà." Ṣé kí n wá sọ pé rárá? Ilé oúnjẹ kan wà ní ìkòríta tó tẹ̀lé tiwa níbẹ̀, wọn ò gbà kí aláwọ̀ dúdú jókòó jẹun. Ẹni tí wọ́n ń lé jáde nílé oúnjẹ, tí wọ́n bá fi jọba ní ibi iṣẹ́, ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ṣé kó máa bá wọn jiyàn?

A jẹ́ obìnrin méjì ní yàrá wa. Ìkejì mi ni Dọ́rísì. Ọmọ Windsor ni, òdìkejì odò, ní Canada níbí. Àràárọ̀ ló ń gba orí afárá kọjá wá. Èdè ẹ̀ dùn, ẹnu ẹ̀ mú. Iṣẹ́ tí wọ́n fún àwa méjèèjì ni inú mọ́tò. Àwọ̀, aṣọ ìjókòó, àyè tí ìyàwó olówó máa fi lipstick sí. Wọ́n ní obìnrin ò mọ ara ìta. A ya odindi mọ́tò kan, èmi àti ẹ̀, a gbé e lọ bá ọ̀gá. Ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Ó dára gan-an. Àwọ̀ wo lẹ máa fi kùn ún?"

Dọ́rísì bú u títí a fi dé ibi ìgbọ́kọ̀sí. Pẹ̀lú Faransé.

Ó dáa. Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ọjọ́ kan wà nígbà ooru tí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ mú ìdílé wọn wá. Wọ́n gbé mọ́tò kan jáde sí àgbàlá, irin gidi, kì í ṣe amọ̀, ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe láti máa fi yangàn. Ìrù ẹ̀ ga dé àyà mi, orí ìrù náà sì mú bí ẹnu ọ̀kọ̀. Fráńkì ló yà á. Ó dúró tì í bí ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.

Ó ní ọmọbìnrin kan, Pẹ́gì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká eyín. Ọmọ náà ti kọ́kọ́ wá bá mi, ó ní ṣé òun lè fọwọ́ kan gèlè mi. Mo bẹ̀rẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ kàn án, ó dúpẹ́, ó sáré lọ. Áísìkiriìmù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ọmọ kan ń lé e, ó ń wẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó yíjú padà síwájú, ìrù mọ́tò ló pàdé.

Mi ò ní sọ gbogbo ẹ̀. Òkè ojú ló ti gún un. Ẹ̀jẹ̀ ò jẹ́ ká mọ̀ bóyá ojú ti lọ tàbí ó ṣì wà. Fráńkì gbé e, ó ń sáré, ó ń pe orúkọ ẹ̀, ohùn ẹ̀ ò jọ ohùn ẹni tí a mọ̀.

Ọ̀gá ju ọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin. A rò pé ó fẹ́ kó pe dókítà ni. Ó ní kó lọ mú omi àti àkísà wá, kó nu ìrù mọ́tò, pé àwọn tó ń ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn ti ń bọ̀.

Dọ́rísì gbọ́ ọ. Èmi náà gbọ́ ọ. A wo ojú ara wa.

Àwọn dókítà rán òkè ojú ọmọ náà. Ojú ò lọ, Àlùhámúdù. Ọ̀gá fi òdòdó ránṣẹ́, òdòdó tó tóbi ju ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lọ.

Nígbà tí Fráńkì padà sẹ́nu iṣẹ́, ó jókòó síwájú amọ̀. Mọ́tò tí wọ́n fẹ́ tà fún gbogbo ayé lọ́dún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń mọ nígbà yẹn, ìrù tiẹ̀ sì tún ga ju ti àgbàlá lọ. Ó kàn ń wò ó. Kò mú pẹ́ńsù. Dọ́rísì bi í pé báwo ni Pẹ́gì.

Ó ní, "Ó bi mí bóyá èmi ni mo ya mọ́tò yẹn."

Dọ́rísì ní, "Kí lo sọ?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lòun náà wá sọ?"

Fráńkì fọwọ́ kan amọ̀ náà. Ó wá ní, "Ó ní, 'Ó rẹwà, Dádì.'"

...

Ẹ fún mi lómi.

Ọjọ́ tí ọ̀gá fẹ́ wá wo amọ̀ náà wá pé. Ó kó àwọn olówó lẹ́yìn wá, àwọn tó máa sọ pé ẹ ṣe é tàbí ẹ má ṣe é. Gbogbo wa tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, ó ń sọ̀rọ̀ iwájú mọ́tò, ó ń sọ̀rọ̀ gíláàsì, ni Fráńkì bá jáde síwájú.

Ó ní, "Ọ̀gá, ìrù yìí gbọ́dọ̀ kúrò."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò. Ó ní, "A ò tíì dé ọ̀dọ̀ ìrù."

Fráńkì ní, "Èmi ti débẹ̀."

Okùn irin tín-ínrín kan wà tí wọ́n fi ń gé amọ̀. Ó mú un, ó yí i mọ́ ìdí ìrù ọ̀tún, ó fà á. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀kọ tútù? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe já. Ìrù yẹn dorí kodò, ó bọ́ sílẹ̀, gbì, sórí bàtà ọ̀gá. Ọ̀gá wo bàtà ẹ̀ kó tó wo Fráńkì. Mo rí i. Bàtà ló kọ́kọ́ wò.

Ó ní, "Fráńkì, lọ sílé kí o lọ sinmi."

Fráńkì ní, "Mo ti sinmi tó." Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, ó fi kọ́ ìrù òsì tí kò tíì gé, bí ẹni tó ń fi nǹkan kọ́ ìṣó, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Bó ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá wò wá. Ó ní, "Ta ló máa dá ìrù yìí padà?"

Ẹ̀yin ọmọ, àwọn ọkùnrin tó ń jà nítorí ìrù láti ìgbà tí mo ti dé, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá wá na ìka sí mi. Ó ní, "Ọmọ ọba, ṣebí ẹ̀yin lẹ ń yọ mí lẹ́nu pé ẹ fẹ́ ṣe ara ìta. Òun nìyí."

Mo wo Dọ́rísì. Ó ń mi orí fún mi pé rárá.

Mo ní, "Màá ṣe é, sà."

Ìjà tí èmi àti Dọ́rísì jà lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá ọmọ ìyá mi ja irú ẹ̀ rí. Ó ní ojú ọgbẹ́ ọmọ yẹn ò tíì jiná, èmi ń lọ mọ ìrù. Mo ní tí n kò bá ṣe é, wọ́n á fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún á sì ṣe é kó mú ṣóńṣó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní, "Rísì, gbogbo ẹni tó bá wọn ṣe é ló ń sọ bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí pé kò parọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tóun náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó padà sí Windsor. Kò dágbére fún mi.

Mo délé, mi ò lè jẹun. Mo sọ fún Alhaji. Wọ́n ní, "Kí ni bàbá rẹ máa ń ṣe tí ìlà kan ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn nínú aṣọ?" Mo ní wọn kì í já gbogbo òwú, èyí tí kò dáa nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Wá jẹun."

Mo bá mọ ìrù. Mo fi iná mú amọ̀ gbóná, mo lẹ̀ ẹ́, mo ha á. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ojú ọ̀gá má baà tètè mọ̀ ọ́n. Mo wá ká orí ẹ̀ róbótó, mo fi iná pupa síbẹ̀, róbótó. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, kò gún mi. Èyí tó kàn, mo kúnlẹ̀, mo fi iwájú orí mi gbá a, nítorí orí ni ti ọmọdé máa fi gbá a. Àwọn ọkùnrin yẹn dákẹ́, wọ́n rọra ń rìn. Wọ́n rò pé ìrun ni mò ń kí.

Ọ̀gá dé. Ó yí i po. Ó ní, "Níbo lẹnu ẹ̀ wà? Kò mú mọ́."

Ẹ wò ó, mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Mo na ọrùn. Mo ní, "Ọ̀gá, ní ààfin bàbá mi..." Ààfin wo? Yàrá méjì àti àtíbàbà tí wọ́n ti ń hun aṣọ. "Ní ààfin bàbá mi, ohun tó bá mú ṣóńṣó, ti ọdẹ ni, ti ẹ̀ṣọ́ ni. Ohun ọba kì í gún èèyàn. Róbótó ni ohun ọba máa ń rí, torí ọba ò bá ẹnikẹ́ni du nǹkan."

Irọ́ ni o. Adé àwọn ọba wa fúnra ẹ̀, ṣebí ṣoṣoro ló ṣe lókè. Àmọ́ ta ló fẹ́ sọ fún un?

Ọ̀gá sún mọ́ ìrù náà. Ó fi ìka kan iná pupa yẹn. Ó ní, "Royal." Ó rìn sẹ́yìn, ó tún wò ó. "Royal." Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́. Ọdún yẹn tán, mo gbọ́ ọ tó ń ṣàlàyé fún àwọn oníwèé ìròyìn nípa ìwà àwọn ọba Áfíríkà, bí ẹni pé òun àti bàbá mi jọ jẹ iyán.

Èmi àti Alhaji gbé oúnjẹ lọ sílé Fráńkì. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Nígbà tó sinmi, ó ní, "Rísì, o fi irọ́ gba ohun tí mo fi òótọ́ pàdánù."

Mo ní, "Ìwọ lo gé e. Bí o ò bá gé e, kí ni mo fẹ́ mọ?"

Ìyàwó ẹ̀ tún bu ìrẹsì sí i fún un.

Mọ́tò náà jáde, ó tà. Wọ́n ya fọ́tò ọ̀gá níbi tó gbọ́wọ́ lé ìrù tí mo mọ. Orúkọ mi ò sí níbì kankan. Ṣé ó dùn mí? Ó dùn mí o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kì í dunni. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ìrù sú aráyé, gbogbo mọ́tò gé tiwọn. Ọ̀gá wá sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ò fẹ́ràn ìrù rí láyé òun. Ká kàn fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Dọ́rísì ńkọ́? Ọjọ́ kan ni fóònù dún nílé wa. Mo gbé e. Kò kí mi. Ó ní, "Aládùúgbò wa ra ọ̀kan. Mo jáde lọ síbẹ̀, mo fọwọ́ kan ìrù ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n?"

Ó ní, "Kò gún mi."

Ó wá bi mí bóyá mo ṣì ń mu tíì onímílíìkì púpọ̀ yẹn. Ìyẹn ni bó ṣe bẹ̀ mí, tàbí bóyá bó ṣe dárí jì mí, mi ò bi í léèrè. Dọ́rísì náà ló ní ká máa bọ̀ ní Canada nígbà tí Alhaji parí ẹ̀kọ́. Yàrá ẹ̀yìn ilé ẹ̀ la kọ́kọ́ sùn ní Windsor. Ibẹ̀ ni Alhaji ti ríṣẹ́ ní Oshawa, a wá kó wá sí Toronto. Èmi náà bèèrè iṣẹ́ ìyàwòrán mọ́tò káàkiri. Níbì kan, ọmọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì bi mí bóyá mo mọ táípù tẹ̀. Mo wá lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní àwòrán, títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Fráńkì náà kọjá wá síbí. Ọmọ Burlington ni ìyàwó ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kó lọ. Kò tún ya mọ́tò mọ́. Ó ń ya kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi tíì, ó ń ya àga, ó ń ya ọwọ́ ìlẹ̀kùn. Ó pẹ́ láyé. Nígbà tó kú, Wàsíù ló wà mí lọ síbi ìsìnkú, ó rántí. O wà níta lórí fóònù o, o ò gbọ́ ohun tí Pẹ́gì sọ.

Pẹ́gì ti di ìyá àgbà báyìí. Ó dìde láti sọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀. Àpá yẹn ṣì wà lókè ojú ẹ̀. Ó ní tí àwọn èèyàn bá bi òun, òun máa ń sọ fún wọn pé mọ́tò kan ló gbá òun níbi tó dúró sí. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí tábìlì kan nílé àwọn tó ní igun. Gbogbo tábìlì tí ìyá òun bá rà, bàbá òun á gbé ayùn, á gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á fi bébà oníyanrìn ha á títí á fi jọ̀lọ̀. Ìyá òun á pariwo, ó ní bàbá òun ò dá a lóhùn rí. Ó kàn ń ha igi.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín síyẹn. Dọ́rísì ti lọ ṣáájú nígbà yẹn, èmi nìkan ló kù lára àwa ará yàrá ìyàwòrán tó mọ ìdí ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì yẹn.

Kí lo wí, Àbíbà? Sọ ọ́ sókè. Sọ ọ́ ní Yorùbá, tíṣà rẹ á wá ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀ fún un... Ó ní nínú èmi àti Dọ́rísì, ta ló jàre.

Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Mo ti rò ó ní òru, mo ti rò ó ní ọ̀sán. Bí gbogbo wa bá ṣe bíi Dọ́rísì, bóyá ọ̀gá ì bá ti tijú. Ọ̀gá yẹn? Rárá, kì bá tijú. Àmọ́ Dọ́rísì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sọ fún mi. Èmi ò sùn títí mọ́tò náà fi jáde.

Ìwọ tí o ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ohun tí mo lè sọ fún ẹ ò pọ̀. Tí o bá ya nǹkan, kúnlẹ̀ wò ó. Ọ̀gá máa dúró wò ó, olówó máa dúró wò ó, wọn ò ní rí ohun tí ọmọ kékeré máa rí. Tí wọ́n bá sì ní kí o má pa á dà, sọ òótọ́ fún wọn. Tí wọn ò bá gba òótọ́... o ti gbọ́ ohun tí èmi ṣe.

Ayé ti yí o. Wàsíù ní mọ́tò òun ní ojú lẹ́yìn, pé bí ọmọdé bá kọjá, á dúró fúnra ẹ̀. Ó dáa. Mi ò lè purọ́, ó dáa ju tiwa lọ fíìfíì. Ẹ gbọ́n jù wá lọ. Ó kàn jẹ́ pé wèrè tiwa dùn-ún wò.

Pa fóònù yẹn. Ìrun Àsárì ti tó, ẹ sì ti jẹ ẹ̀pà mi tán.